Òórùn Inú Ọkọ̀ Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Fi Lọ́fínńdà Bò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ọkọ̀ títúnṣe ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí ń ṣe: ẹni tó ń ṣe ẹ́ńjìnì wà nínú wa, ẹni tó ń ṣe éésì wà, oníwáyà náà wà. Ohun tó mú wa kọ̀wé ni òórùn tó máa ń ti ojú hítà ọkọ̀ jáde, àti ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń ṣe sí i. Wọ́n á so lọ́fínńdà kan kọ́ sábẹ́ díńgí, wọ́n á fi òmíràn há ojú ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Ìgbà tí ọkọ̀ náà bá fi máa dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, òórùn méjì mẹ́ta ti dàpọ̀, imú ò sì mọ èwo lèwo mọ́. Bẹ́ẹ̀ imú ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a máa ń lò fún iṣẹ́ yìí. Òórùn kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ń wá, òmíràn nínú wọn sì lè pa èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn òǹkàwé yín pé kí wọ́n kọ́kọ́ yọ gbogbo lọ́fínńdà kúrò, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, ká tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà. Nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lábẹ́ ibi tí ọwọ́ wáípà wà, ihò kan wà níbẹ̀ tí atẹ́gùn ìta ń gbà wọlé. Atẹ́gùn yìí á gba inú fílítà kọjá, bí ọkọ̀ náà bá ní in; fáànù á fà á, á sì tì í gba ara ìdí éésì tó máa ń tutù, lẹ́yìn náà ara hítà, kó tó fẹ́ sí wa lójú tàbí lẹ́sẹ̀. Hítà fúnra rẹ̀ ò ju rédíétọ̀ kékeré kan lọ, ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà, hóòsì méjì ló sì so ó mọ́ ẹ́ńjìnì: ọ̀kan ń gbé omi gbígbóná wá, èkejì ń dá a padà. Ohunkóhun tó bá ń rùn lójú ọ̀nà yìí, tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nítòsí ihò yẹn, imú ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ló ń bọ̀. Kí ẹni tí kì í tan hítà má sì sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ò kan òun. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, omi gbígbóná ń gba inú hítà kọjá ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀kùn kékeré kan ló kàn ń dí atẹ́gùn lọ́nà. Hítà tí ẹnikẹ́ni ò tàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀ lè jò.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, òun la sì fẹ́ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀. Ẹ wo bọ́tìnì tí wọ́n ya ọkọ̀ sí lára, tí ọfà kan yí po nínú ọkọ̀ náà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ihò ìta á dé, atẹ́gùn inú ọkọ̀ náà ni fáànù á máa yí kiri. Ẹ gbé ọkọ̀ sí gbangba, kì í ṣe inú gáréèjì tó dé. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, ẹ ti gbogbo gíláàsì, kí ẹ fi fáànù sí àárín. Ẹ gba atẹ́gùn ìta fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà ẹ tẹ bọ́tìnì yẹn, kí ẹ tún dúró fún ìṣẹ́jú 5. Bí òórùn bá dín kù nígbà tí ihò ìta dé, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá. Bí kò bá dín kù, tàbí tó tún ń pọ̀ sí i, inú àpótí hítà àti éésì ló wà, tàbí abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún fi etí sí ìgbà tó ń rùn: ṣé ìgbà tí ẹ bá yí i sí gbígbóná nìkan ni, ṣé ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí éésì bá bẹ̀rẹ̀, ṣé ìgbà tí fáànù bá wà lókè pátápátá? Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí fún mẹkáníìkì rẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Òórùn tó dùn, tó dà bíi pé ẹnì kan ń yọ́ ṣúgà, kúláǹtì ni, ìyẹn omi aláwọ̀ tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ kí ẹ́ńjìnì má bàa gbóná jù. Kẹ́míkà ethylene glycol ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń jáde lójú hítà, ó ṣeé ṣe gan-an kí hítà ti máa jò. Ẹ darí atẹ́gùn gbígbóná sí gíláàsì iwájú, kí ẹ sì wo ó. Bí ìkùukùu bá bò ó, ẹ fi ìka nù ún. Èyí tó bá jẹ́ omi lásán á nù kúrò. Èyí tó bá jẹ́ kúláǹtì á yọ̀ bí òróró lábẹ́ ìka, á sì fi àmì sílẹ̀ sára gíláàsì bó ti wù kí ẹ nù ún tó. Lẹ́yìn èyí, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀ ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ sókè, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ àárín ọkọ̀, kí ẹ fi tíṣù funfun tẹ ibẹ̀. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí àwọ̀ ọsàn tó bá mọ́ tíṣù lára, kúláǹtì ni. Bí tíṣù bá tutù láìní àwọ̀, omi éésì ni, tàbí òjò. A óò dé ibẹ̀.

Ẹ má tíì tú dáṣíbọ́ọ̀dù o. Ibí yìí la ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wa wí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń fi gbé agbára sínú rédíétọ̀, pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tó ní mítà lójú. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ kun omi rẹ̀, ẹ dé pọ́ǹpù yìí mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé e dé iye tí wọ́n kọ sára ìdérí náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, láàrin 13 sí 16 psi ni. Ẹ má gbé e kọjá iye yẹn, kí ẹ máa fọwọ́ ara yín fọ́ ohun tí kò tíì jò. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí abẹ́rẹ́ mítà bá ń wálẹ̀, tí ẹ ò sì rí ẹ̀kán omi kankan níta, hítà lẹ máa fura sí. Ẹ wá gbé tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí hóòsì méjèèjì ti wọ ògiri irin tó pààlà láàrin ẹ́ńjìnì àti inú ọkọ̀. A ti ń rí i tí wọ́n ń pààrọ̀ odindi hítà nígbà tó jẹ́ pé kílíìpù tó dẹ̀, tàbí rọ́bà róbótó tó ti gan ní ìdí hóòsì ló ń jò, tí omi rẹ̀ sì ń gba ara ògiri yẹn wọlé. Ẹni tó gbé ọkọ̀ wá ló ń san owó ìkánjú oníṣẹ́, kò sì dáa.

Oògùn tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ láti fi dí ojú ibi tó ń jò, àwa kì í fi sínú hítà tó ti jò. Ihò inú hítà tín-ín-rín ju ti rédíétọ̀ lọ, oògùn yẹn ò sì mọ ihò tó yẹ kó dí yàtọ̀ sí èyí tí kò yẹ. Ohun tó sábà máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé hítà ò ní gbóná mọ́, ibi tó ń jò náà á sì tún ṣí. Bí kò bá tíì sí owó hítà tuntun, ẹ yọ hóòsì méjèèjì kúrò lára hítà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi páìpù kan so wọ́n mọ́ra wọn, kí ẹ sì de kílíìpù sí i dáadáa. Síso la ní kí ẹ so wọ́n, ẹ má kàn dí wọn lẹ́nu, torí ẹ́ńjìnì mìíràn wà tó nílò kí omi máa gba ibẹ̀ yí po. Ọkọ̀ á rìn, omi ò ní tán, ṣùgbọ́n kò ní sí atẹ́gùn gbígbóná láti fi nu ìkùukùu ojú gíláàsì. Níbi tí òtútù ti ń mú gan-an, ewu lèyí jẹ́, kò sì yẹ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ló ń jẹ hítà? Kúláǹtì tó ti gbó ni olórí rẹ̀, èyí tí oògùn agbógunti ìpata inú rẹ̀ ti tán. Omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga tí wọ́n ń bù sí i ló tẹ̀ lé e, torí iyọ̀ àti ẹfun inú omi bẹ́ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ inú ihò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni iná tó ṣìnà, èyí tí ọ̀pọ̀ ò kà sí. Ẹ gbé mítà oníwáyà sí ibi ìwọn iná DC, ẹ fi wáyà dúdú sí ẹnu odi bátìrì, kí ẹ ki ti pupa bọ inú kúláǹtì lẹ́nu rédíétọ̀ láìjẹ́ kó kan irin. Bí mítà bá fi ju 0.3 fóòtì hàn, iná ń gba inú kúláǹtì kọjá, á sì jẹ hítà tuntun bó ṣe jẹ ògbólógbòó. Ẹ tọ wáyà ilẹ̀ ẹ́ńjìnì àti ti bọ́dì lọ, ẹ fọ ojú ibi tí wọ́n ti dè wọ́n, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ hítà, kó yọ orí odi bátìrì, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú 10 kó tó fọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí àpò atẹ́gùn tó ń gba ẹ̀mí là nígbà ìjàǹbá wà nínú rẹ̀. Kó fi omi ṣan gbogbo ìdí rédíétọ̀ kí hítà tuntun tó wọlé. Kúláǹtì ìdajì, omi tí wọ́n ti fi iná yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ ìdajì, irú kúláǹtì tí ìwé ọkọ̀ náà dárúkọ. Kó fi hítà sí gbígbóná, kó tan ẹ́ńjìnì, kó máa kún un díẹ̀díẹ̀ títí atẹ́gùn inú rẹ̀ á fi jáde. Bí omi bá ṣì ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, atẹ́gùn ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sì máa ń gbàgbé jù ni kápẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ rẹ̀ ní tìmùtìmù kan tó nípọn, kúláǹtì tó bá ti mu ò ní gbẹ bọ̀rọ̀. Ẹ yọ ọ́ síta, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, ẹ sá a kó gbẹ tinú-tẹ̀yìn. Bí ẹ ò bá ṣe é, hítà tuntun wà níbẹ̀, òórùn àtijọ́ náà wà níbẹ̀, oníbàárà á sì rò pé ẹ jẹ owó òun lásán. Kúláǹtì tó bá dà sílẹ̀, ẹ nù ún lójú ẹsẹ̀. Ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni: ìwọ̀nba díẹ̀ tó ajá tàbí ológbò pa, ọmọdé náà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Òórùn aṣọ tútù tí wọ́n ká sílẹ̀ láìsá ni èkejì, òun ló sì wọ́pọ̀ jù. Bí éésì bá ń ṣiṣẹ́, omi máa ń sẹ̀ sára ìdí rẹ̀, hóòsì kékeré kan ló sì ń da omi náà sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá tan éésì fún bí ìṣẹ́jú 15 lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ ní ọ̀rinrin, tí ẹ̀kán omi kan ò sì kán sílẹ̀, hóòsì yẹn ti dí. Omi á dúró sínú àpótí, eruku á pò mọ́ ọn, èébu á hù síbẹ̀, á sì kún bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti fi okùn ọ̀rá tó le díẹ̀ là á, kí ẹ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí omi ìdọ̀tí má dà sí i. Ẹ má fi atẹ́gùn kọ̀mpùrẹ́sọ̀ líle fẹ́ ẹ, hóòsì náà lè yọ nínú lọ́hùn-ún, kí omi wá máa dà sínú ọkọ̀.

Fílítà wá ńkọ́? Ẹ̀yìn àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nínú òmíràn abẹ́ ìdí wáípà ni. Ọdún kan tàbí 15,000 kìlómítà ló tó láti lò, ojú ọ̀nà eléruku ò sì ní jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Ọfà ara rẹ̀ ń sọ ibi tí atẹ́gùn ń kọrí sí, ẹ má gbé e sódì. Ṣùgbọ́n ẹ fọ ìdí éésì ná. Ẹ yọ fílítà àtijọ́, ẹ pa fáànù, ẹ ra fóòmù tí wọ́n ṣe fún ìdí éésì, kí ẹ ki ọ̀pá rẹ̀ gba hóòsì omi yẹn tàbí ihò tí rẹsísítọ̀ fáànù, ìyẹn ohun tó ń dín eré fáànù kù, wà, kí ẹ fún un sínú rẹ̀. Ẹ dúró níwọ̀n ìgbà tí wọ́n kọ sára agolo, títí á fi yọ́ tán tó bá hóòsì jáde. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí gíláàsì, ẹ fi hítà sí gbígbóná, fáànù lókè, fún ìṣẹ́jú 10. Ìgbà yẹn ni fílítà tuntun tó wọlé. Àwọn kan á kọ́kọ́ fi tuntun sí i, wọ́n á wá fún fóòmù lù ú. Ó ti bàjẹ́ kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Ẹ má dà bílíìṣì sí ìdí éésì rárá, á jẹ alumíníọ́mù rẹ̀. Kí òórùn yìí má bàa tètè padà, ẹ pa éésì ní ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ, kí fáànù máa fẹ́ kí ìdí rẹ̀ gbẹ. Ẹ sì máa kó ewé tó bá jọ sábẹ́ wáípà kúrò. Bí ó bá jẹrà síbẹ̀, òórùn rẹ̀ á máa wọlé, omi òjò náà ò ní rọ́nà lọ.

Eku fẹ́ràn ibẹ̀. Bí òórùn bá dà bí ìtọ̀ tàbí ẹran tó ti ń jẹrà, tó sì le sí i nígbà tí ooru bá wà, ẹ ṣí ibi fílítà wò. Bí ẹ bá bá ìtẹ́ eku níbẹ̀, ẹ má fẹ́ ẹ, ẹ má sì gbá a ní gbígbẹ, torí àìsàn lè gba eruku ìgbẹ́ rẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìbọ̀wọ́ àti ìbomú lẹ máa wọ̀. Ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n 1 mọ́ omi ìwọ̀n 10, ẹ fi rin ìtẹ́ náà àti ike tó yí i ká, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó kó o sínú ọ̀rá. Ẹ wo wáyà tó wà nítòsí bóyá wọ́n ti jẹ ẹ́. Nẹ́ẹ̀tì irin olójú kékeré ni kí ẹ fi dí ihò ìta.

Òórùn ike tó ń jó kò ní ẹ̀bẹ̀. Ẹ pa fáànù lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣí gíláàsì, ẹ dúró. Bí fáànù bá ń ṣiṣẹ́ ní ipele tó ga jù nìkan, rẹsísítọ̀ rẹ̀ ló ti jó. Kí oníwáyà má kàn fi tuntun sí i kó sì máa lọ: kó yọ fáànù, kó fi ọwọ́ yí i. Èyí tó bá le tàbí tó ń dún ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, òun ló ń yọ́ ẹnu wáyà. Bí fíùsì bá jẹ́ 30, 30 ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fi 40 sí i ti gbé iná sínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Eruku tó kàn ń jó lára hítà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án lẹ́yìn oṣù púpọ̀ yàtọ̀ sí èyí. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, á sì tán.

Ọ́ìlì tó ń jó máa ń rùn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ju ìgbà tó ń sáré lọ. Rọ́bà ìdérí orí ẹ́ńjìnì ló sábà máa ń jò, tí ọ́ìlì á máa kán sórí ẹ́sọ́ọ̀sì gbígbóná. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà, ẹ nu ojú rẹ̀ mọ́, ẹ má sì fún bóòtù rẹ̀ pa. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, agbára tí wọ́n fi ń fún un kò ju bí 10 Nm lọ. Ẹ wo fáàfù PCV náà, èyí tí èéfín inú ẹ́ńjìnì ń gbà jáde, torí bí ó bá dí, agbára inú ẹ́ńjìnì á tún ti ọ́ìlì jáde níbòmíràn.

Bí ó bá jẹ́ epo pẹtiróòlù lẹ ń gbọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ èéfín ẹ́sọ́ọ̀sì, gáàsì carbon monoxide wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò sì ní òórùn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, oorun sì lè gbé èèyàn lọ láìjí. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ní tirẹ̀ lè jẹ́ kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú ẹ́sọ́ọ̀sì, torí epo tó ń wọ ẹ́ńjìnì pọ̀ jù, tàbí bátìrì tó ń hó: ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, bí ó bá ju 15 fóòtì lọ, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná ló bàjẹ́.

Ó ku ẹni tó fẹ́ ra àlòkù. Kó sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó yọ lọ́fínńdà inú rẹ̀, kí wọ́n sì ti ọkọ̀ náà pa sínú oòrùn fún wákàtí kan kí òun tó dé. Nígbà tó bá ṣí ilẹ̀kùn, kó kọ́kọ́ fi imú gbọ́ ọ. Kó tan ẹ́ńjìnì, kó fi hítà sí gbígbóná jù fún ìṣẹ́jú 15, kódà bí oòrùn bá ń mú ganrínganrín, kó sì tọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Kó wá ṣọ́ra fọwọ́ kan hóòsì méjèèjì tó lọ sídìí hítà. Ó yẹ kí méjèèjì gbóná. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, omi ò gba inú hítà kọjá: bóyá ó dí, bóyá ẹnì kan ti da oògùn sí i nítorí ó ń jò. Kó yọ owó hítà tuntun àti owó iṣẹ́ títú dáṣíbọ́ọ̀dù kúrò nínú iye tó fẹ́ san, tàbí kó wá òmíràn.

Àwa ni tiyín,
Àwa oníṣẹ́ ọkọ̀